Kí ló dé tí kọ́lọ̀ kejì kì í bọ́ síbi tó yẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mò ń wo fídíò láti kọ́ mokuhanga, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fi pákó tẹ àwòrán ní Japan. Kọ́lọ̀ àkọ́kọ́ máa ń dáa, àmọ́ ìkejì á yà kúrò lójú ìlà, á tún jáde tótòtó. Ṣé kí n lọ ra pákó ṣẹ́rì gidi ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì náwó o. Ṣẹ́rì dáa lóòótọ́, ó le, ó sì ń gba ìlà tín-ín-rín, àmọ́ pláíwúùdù shina, igi Japan kan tó rọ̀ láti gbẹ́, lọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Bébà ẹ ni mo fura sí. Bébà tó bá tutù máa ń fẹ̀, tó bá gbẹ á súnkì, torí náà tó o bá tẹ dúdú tán tó o wá lọ jẹun, kó o tó dé láti tẹ pupa bébà yẹn ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ibo ni ìlà ti fẹ́ bára mu? Èmi, alẹ́ ni mo ti ń múra, màá fi búrọ́ọ̀ṣì pa omi sára bébà kan, màá to gbígbẹ méjì lé e, màá tún pa omi sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ títí á fi tán, màá wá fi náílọ́ọ̀nù wé gbogbo ẹ̀ di àárọ̀. Tó o bá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ á tutù, àmọ́ kò ní rin ọwọ́ ẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó o máa yọ ọ́.

Tíyẹn bá dáa tó ṣì ń yà, a jẹ́ pé kento ẹ ni, àmì méjì tí wọ́n ń gbẹ́ sétí pákó, ọ̀kan bí igun, ọ̀kan gbọọrọ, ibẹ̀ ni bébà ń jókòó sí. Má fi rúlà wọ̀n ọ́n sórí pákó kejì! Tẹ pákó onílà, ìyẹn èyí tó o gbẹ́ ìlà àwòrán sí, tòun ti kento ẹ̀ sórí bébà fẹ́lẹ́, da ojú ẹ̀ dé sórí pákó kejì, fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kó o gbẹ́ ẹ bó ṣe wà.

Tótòtó yẹn, gomazuri ni wọ́n ń pè é, bí ẹni fọ́n yánmọtí sí i. Àwọn kan máa ń dìídì ṣe é, àmọ́ tìẹ, lẹ́ẹ̀ ìrẹsì ló kéré tàbí o ò tẹ baren dáadáa, ìyẹn nǹkan roboto pẹlẹbẹ tá a fi ń ra ẹ̀yìn bébà. Kán lẹ́ẹ̀ tó tó hóró ẹ̀wà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́lọ̀ lórí pákó, fi búrọ́ọ̀ṣì pò ó pọ̀, tó bá ti pọ̀ jù á dí ojú ìlà tó o gbẹ́. Èjìká ni kó o fi ti baren yẹn, má fi ọrùn ọwọ́ nìkan.

Má sì bínú síra ẹ. Hokusai, ayàwòrán ará Japan tó ya ìgbì òkun ńlá yẹn ní nǹkan bí 1831, ẹlòmíì ló bá a gbẹ́ pákó, ẹlòmíì ló tẹ̀ ẹ́, ìwọ nìkan lò ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Rẹ bébà bíi mẹ́wàá lálẹ́ òní, fi pákó tó o ti ní yẹn tẹ̀ ẹ́ lọ́la.