Ọmọ tí kò pé oṣù ń bọ̀ nílé: ṣé ọmú nìkan á tó o?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ọmọ oṣù méje ni mo bí, iṣẹ́ abẹ sì ni. Wọ́n ti dá èmi sílẹ̀, ọmọ ṣì wà ní ọsibítù. Láti Mọ́níyà ni mo ti ń lọ wò ó. Omi ọmú tí mo ń fún kì í tó, wọ́n ń fi mílíìkì agolo kún un. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbé e wálé. Ìyá ọkọ mi ní ọmú mi ò lómi, ẹ̀kọ gbígbóná ló ń fún mi mu. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Ìkókó)

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ. Ọmú yín lómi. Lóòótọ́, iṣẹ́ abẹ lè mú kí omi ọmú pẹ́ dé, ọmọ tí kò pé oṣù náà ò sì lágbára láti fà á. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ 32 sí 34, tí a bá kà á láti ìgbà oyún, kó tó lè máa fà, kó máa gbé mì, kó sì máa mí pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Mọ́níyà yẹn gan-an ni mo fura sí. Ẹni tó bá ń wọkọ̀ lọ, tó ń wọkọ̀ bọ̀, bóyá ló ń fún ọmú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lóòjọ́. Bí ọmú bá ṣe ń ṣófo tó ló ṣe ń pọ̀ tó: ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ó kéré tán láàrin wákàtí 24, kí ẹ sì má fo òru.

Ẹ bi wọ́n ní wọ́ọ̀dù bóyá àyè wà kí ẹ sùn síbẹ̀ títí ẹ ó fi lọ. Bí kò bá sí, ẹ máa fún ọmú nílé. Ẹ fọwọ́, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là mú ẹ̀yìn ibi dúdú ọmú, ẹ tì í sẹ́yìn sí àyà, ẹ wá fún un pọ̀, ẹ dẹwọ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fa orí ọmú, ìrora lásán ni. Nínú ooru Ìbàdàn, tí iná ò sì dájú, inú kúlà oníyìnyín ni kí ẹ gbé omi ọmú náà sí.

Tí ẹ bá dé wọ́ọ̀dù, ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé ọmọ lé àyà láìsí aṣọ láàrin yín. Kòlóńbíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1978, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ gbóná ò tó wọn. Ó máa ń ran omi ọmú lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ gbígbóná tí Màmá ń fún yín, ẹ máa mu ún, kò burú. Àmọ́ tí wọ́n bá lè bá yín fọ aṣọ kí ẹ ráyè fún ọmú, ìyẹn ló wúlò jù.

Ẹ má já mílíìkì agolo lójijì o. Dókítà ni kó máa dín in kù bí ọmọ bá ṣe ń wúwo sí i. Ife kékeré sì ni kí ẹ fi fún un, ẹ yé ra fídà. Kí ẹ tó kúrò lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wo bí ọmọ ṣe ń fa ọmú, kí ẹ sì gba ọjọ́ tí ẹ ó gbé e padà wá wọ̀n.