Ìyá wà ní ICU nísàlẹ̀, ọmọ wà ní ICU lókè, kí ló fà á?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kúuṣẹ́ o. Gìrì ló gbé àbúrò mi nínú oyún oṣù 7, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ní báyìí òun wà ní ICU, yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, nísàlẹ̀, ọmọ ẹ̀ wà ní ICU míì lókè. Ṣé wọn ò lè kó wọn síbì kan náà ni? Èyí tó tún ń já mi láyà, mo rí nọ́ọ̀sì tó ń fi òòlù kékeré gbá a lórúnkún. Kí lẹ́ṣẹ̀ ẹ̀? — Ẹ̀gbọ́n aláboyún, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àìsùn o. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi òòlù bẹ̀rẹ̀. Magnesium sulphate ni oògùn tí wọ́n ń fún aboyún tí gìrì gbé, ó dáa gan-an, àmọ́ tó bá pọ̀ jù lára ó lè dá èémí dúró. Kó tó débẹ̀ ṣá, orúnkún ló kọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀: tí wọ́n bá gbá a tẹ́sẹ̀ ò ta mọ́, nọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé oògùn ti ń pọ̀, wọ́n á dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka èémí ẹ̀ tí wọ́n sì ń wọn ìtọ̀ ẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì kan ń sáré láàárín èèyàn 20 ò lè ráyè ìyẹn.

Tọmọ yẹn, NICU ni wọ́n ń pè é, ọmọ tuntun nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ oṣù 7 ò tíì gbó, òtútù tètè ń mú un, kò sì tíì mọ ọyàn fà, ni wọ́n ṣe gbé e sínú incubator, àpótí tó ń mú ọmọ móoru, tí wọ́n sì ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú ẹ̀ fún un lóúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá bá iná búlúù lórí ẹ̀, ẹ má sá, ibà pọ́njú (jaundice, tó ń mú ojú àti ara ọmọ pọ́n) ló wà fún.

Àwọn míì wà o, PICU fáwọn ọmọdé, CCU fún ọkàn, àwọn ọsibítù ńlá kan tún ní tàwọn tó jóná lọ́tọ̀. Tiwa níbí, ọ̀pọ̀ ìgbà ICU kan ṣoṣo làwọn àgbà ń há sí. Tí wọ́n bá ní àwọn ń gbé àbúrò yín lọ HDU, ẹ dúpẹ́, àárín ICU àti wọ́ọ̀dù nìyẹn.

Ẹ bi wọ́n ní NICU bóyá bàbá ọmọ lè máa gbé e sáyà, ara sí ara. Bogotá ní Colombia ni dókítà Edgar Rey ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1978 nígbà tí incubator ò kárí. Tí àbúrò yín bá sì ti lajú, tí dókítà gbà, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bá a fún omi ọyàn sínú ife, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sókè.