Ojú irin ò dé Iléṣà, báwo ni bàbá àgbà mi ṣe fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ rélùwéè?

Òótọ́ ni, rélùwéè ò gba Iléṣà kọjá, kò gba Ilé-Ifẹ̀ náà. Láti Èkó, ó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, lẹ́yìn náà ló tó dé Òṣogbo. Òṣogbo yìí ni ìdíkọ̀ tó sún mọ́ Ìjẹ̀ṣà jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin nígbà náà.

Láyé ìgbà yẹn, òṣìṣẹ́ rélùwéè kì í sábà pẹ́ lójú kan. Lónìí Ẹ̀búté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Tó bá yá, Ọ̀fà, Kàdúná tàbí Kánò. Ìyàwó àtọmọ á kẹ́rù tẹ̀lé e lọ sí kọ́tásì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n bí ní ìlú mẹ́ta, tí ẹ̀gbọ́n wọn sì gbọ́ Háúsá dáadáa. Ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá yín pé níbo ni wọ́n bí wọn sí, ẹ óò mọ ibi tí bàbá àgbà ti ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi falẹ̀, àgbà ni wọ́n.

Bí bàbá àgbà bá ṣiṣẹ́ kọjá ọdún 1955, Nigerian Railway Corporation, orúkọ tí iléeṣẹ́ rélùwéè ń jẹ́ láti ọdún yẹn, ni kí ẹ wá nínú ìwé iṣẹ́ wọn.