Ṣé Mùsùlùmí lè gba ẹyẹ pẹ́ńgúìnì ṣọmọ?

Ìbéèrè: As-salāmu ‘alaykum, Álífáà. Àjọ SANCCOB tó ń tọ́jú àwọn ẹyẹ òkun ní Gúúsù Áfíríkà ní ẹni tó bá sanwó lè gba pẹ́ńgúìnì kan ṣọmọ. Ìwé ẹ̀rí á tẹ onítọ̀hún lọ́wọ́, ẹyẹ á sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ó wù mí, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀sìn wa kọ̀ kí á sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ ẹni. Ṣé kò léèwọ̀? Ṣé mo lè yọ owó rẹ̀ nínú sàká mi?

Ìdáhùn: Wa ‘alaykumu s-salām. Kò léèwọ̀ rárá, ẹ̀san sì wà níbẹ̀ bí ẹ bá ṣe é nítorí Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ nínú sàká o. Súratut-Tawbah, ẹsẹ 60, ti ka irú ènìyàn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, kò sí ẹranko nínú wọn. Sàárà ni tiyín.

Súratul-Ahzāb, ẹsẹ 5, ní kí á máa fi orúkọ bàbá tó bí ọmọ pè é, torí ìran àti ogún. Kò sí èyí lọ́rọ̀ ẹyẹ. Ẹ kò sì rà á, ọrẹ lẹ ta wọ́n.

Abū Dāwūd gbà á wá pé nínú ìrìn àjò kan, àwọn Sàhábà kó ọmọ méjì tí ẹyẹ kan bí. Ìyá wọn dé, ó ń na ìyẹ́ káàkiri. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bèèrè pé: “Ta ló fi ọmọ ẹyẹ yìí kó ìdààmú bá a? Ẹ dá ọmọ rẹ̀ padà fún un.” Ẹ wá wo iṣẹ́ tí àjọ SANCCOB ń ṣe. Nígbà tí ìyẹ́ àtijọ́ bá ń rẹ̀ lára pẹ́ńgúìnì, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi ní lè wọ omi lọ pẹja. Bí ọmọ rẹ̀ kò bá tíì dàgbà tó, ebi ni yóò pa á. Àwọn òṣìṣẹ́ á kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ẹja bọ́ ọ, wọ́n á sì dá a padà sókun nígbà tó bá gbó.

Lóṣù kẹfà ọdún 2000, ọkọ̀ òkun Treasure rì nítòsí Erékùṣù Robben, epo inú rẹ̀ sì bo nǹkan bíi 19,000 pẹ́ńgúìnì. Epo a máa jẹ́ kí omi tútù gba àárín ìyẹ́ wọlé sí ẹyẹ lára. Ọwọ́ ni wọ́n fi fọ̀ wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, tọkọtaya pẹ́ńgúìnì ilẹ̀ Áfíríkà tó ń yé ẹyin kò pé 10,000 mọ́, torí sadíìnì tí wọ́n ń jẹ ti dín kù gan-an, àwa èèyàn náà sì ń kó o. Súratur-Rūm, ẹsẹ 41, ní ìbàjẹ́ hàn nílẹ̀ àti lójú òkun nítorí ohun tí ọwọ́ àwọn èèyàn ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò kan Mùsùlùmí.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bùkátà àwọn tó wà lábẹ́ yín ná. Bí òbí yín bá ti kú, ẹ lè ṣe é lórúkọ rẹ̀: Sa‘d ọmọ ‘Ubādah bèèrè bóyá sàárà òun á ṣe ìyá òun tó kú láǹfààní, Ànábì sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.