Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹni tó gbowó ọjà lọ́wọ́ mi ti sá lọ, báwo ni mo ṣe máa rí oníṣẹ́ ọwọ́ gidi l'Abẹ́òkúta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Tíṣà ni mí, Ọbáńtokò là ń gbé, ilé tá a háyà ni. Ẹ̀rọ omi kíṣínì ń kán láti oṣù tó kọjá, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ò padé mọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní pálọ̀ sì máa ń ta iná pàrà tá a bá ti ki nǹkan bọ̀ ọ́. Bọ̀dá kan tí wọ́n júwe fún mi wá wò ó, ó ní òun lè ṣe gbogbo ẹ̀, ó gba ₦25,000 pé òun fẹ́ fi ra ọjà, àtìgbà náà fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti lè rí ẹni tó ṣeé fọkàn tán, kí n má tún sọ owó nù?

Ìdáhùn: Mádáàmù, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò ẹ̀. Púlọ́ńbà ni mí, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe é nínú Abẹ́òkúta yìí, tí mo bá sì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí inú máa ń bí mi gan-an, torí ẹni tó gbowó yín sá lọ yẹn, àwa tó kù la máa jìyà ẹ̀, ẹni tó bá tún dé ẹnu ọ̀nà yín báyìí, ojú olè lẹ máa kọ́kọ́ fi wò ó.

Ohun àkọ́kọ́, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò nínú iṣẹ́ tó kù. Ẹ lè rí ẹnì kan tó máa tún ẹ̀rọ omi àti ilẹ̀kùn ṣe pọ̀, ọwọ́ àwọn kan dá sí méjèèjì. Àmọ́ iná, ríwáyà ló ni ín, ríwáyà ilé o, kì í ṣe ti mọ́tò. Ẹ má ki nǹkankan bọ̀ ọ́ mọ́ láti òní, ẹ lọ pa bíréékà ẹ̀, tí àwọn ọmọdé bá wà nílé ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú ẹ̀. Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà yín, ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ni. Nígbà tí mo kọ́lé ti ara mi ní Àdìgbẹ, ẹni tó fa wáyà níbẹ̀, mi ò rí iṣẹ́ ẹ̀ rí, mo kàn fẹ́ràn bó ṣe ń yára ni. Kò tíì pé ọdún kan tí òórùn rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní kíṣínì nígbà tí ìyàwó mi ń fi kẹ́tù se omi tíì, kí n tó dé'bẹ̀ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ́ bí àbẹ́là. Ìgbà tí ríwáyà míì tú u, skúrúù inú ẹ̀ ò tì rárá, wáyà kàn fara kàn án ni, ibi tí kò ti dúró dáadáa yẹn ni ooru ti ń kó jọ. Wáyà 1.5 tó tín-ín-rín, tó yẹ fún gílóòbù, ló sì fà síbẹ̀, dípò 2.5 tó nípọn jù ú lọ, tá a máa ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Inú ògiri ló sì bo gbogbo ẹ̀ mọ́, ta ló máa rí i?

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ wo ojú iṣẹ́ nìkan. Iṣẹ́ púlọ́ńbà àti ti iná, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é tán, gbogbo ẹ̀ ló máa ń dára. Ẹ bi ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ fún lọ́dún tó kọjá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣe é fún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ má bi í pé "ṣé ó mọṣẹ́?", ẹ bi í pé nígbà tí nǹkan bàjẹ́ tẹ́ ẹ pè é, ṣé ó padà wá? Kò sí ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ kì í já kulẹ̀ nígbà míì, èmi náà ń gba irú ìpè bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá gbé fóònù tó sì dé ọ̀dọ̀ yín láìbéèrè owó míì, ẹ di ẹni náà mú.

Ibòmíì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta páìpù àti wáyà. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tó ti pẹ́ ní Àṣerò tàbí l'Ọbáńtokò yín níbẹ̀, ẹ ra nǹkan kékeré, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n léèrè. Àwọn yẹn mọ̀ wá ju bí ẹ ṣe rò lọ, wọ́n mọ ẹni tó ń dá ẹ́líbò (ìgunpá páìpù) tó ṣẹ́kù padà kí oníbàárà lè gba owó ẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó, wọ́n sì mọ ẹni tó máa ń sọ pé kí wọ́n kọ rísíìtì ju iye tó rà á lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹnì kan, ẹ bi í pé ta ni ọ̀gá ẹ̀, ibo ló ti ṣe fírídọ́ọ̀mù, ibo ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lóòótọ́ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn, inú ẹ̀ máa ń dùn láti dárúkọ ọ̀gá ẹ̀. Tó bá ní ìwé Trade Test tàbí ti NABTEB, ìyẹn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo mọ àwọn àgbà tí kò ní ìwé kankan tí mo lè gbé ilé mi fún kí n sì lọ sùn.

Ẹ̀rọ omi yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé fún un, kẹ́ ẹ fi wò ó. Ẹni tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ béèrè ibi tí fáàfù tó ń pa omi wà, á pa á, á tú orí ẹ̀rọ, á sì fi rọ́bà wọ́ṣà inú ẹ̀ hàn yín. Ẹ máa rí i pé ó ti jẹ ihò yíká, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ tì mọ́, wọ́ṣà yẹn ò sì wọ́n rárá. Nígbà míì ó lè jẹ́ pé inú ẹ̀rọ gan-an ló ti jẹ, tàbí kó jẹ́ èyí tí kì í lo wọ́ṣà, ìgbà yẹn ẹ máa ra inú ẹ̀ tàbí odindi ẹ̀rọ. Àmọ́ ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò fọwọ́ kan nǹkankan, tó ti ní "ẹ máa pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ ni", ẹ fún un lówó mọ́tò kó máa lọ.

Ọ̀rọ̀ owó wá ni ibi tí ẹsẹ̀ yín ti yọ̀. Owó ọjà kì í ṣe nǹkan tá a ń kó lé ẹni tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lọ́wọ́. Ẹ ní kó kọ ohun tó fẹ́ rà sílẹ̀, iye páìpù, iye ẹ́líbò, gọ́ọ̀mù, tiréèdì téèpù, kẹ́ ẹ jọ lọ rà á, tàbí kẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù náà tààrà. Wọ́kìmáńṣíìpù, ìyẹn owó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, dá dúró, fún iṣẹ́ kékeré bíi tiyín, ìgbà tó bá ṣe é tán lẹ máa san án. Gbogbo ohun tó bá yọ kúrò, kó kó o fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí náà lọ́wọ́ mi: ẹ má ná wọ́kìmáńṣíìpù wa títí kò fi ní ku nǹkankan. Ẹni tó ti Láfẹ́nwá wọ mọ́tò wá bá yín l'Ọbáńtokò, tẹ́ ẹ wá já owó ẹ̀ sí ìdajì, ó máa gbà, torí ebi ń pa á, àmọ́ inú ọjà ló ti máa wá a. Wáyà tó tín-ín-rín, gọ́ọ̀mù tó ti fẹ́ gan, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ilé tẹ́ ẹ háyà ni, ẹ sọ fún láńdìlọ́ọ̀dù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò lórí ẹni tó máa sanwó, ẹ fi mẹ́sẹ́jì sọ ọ́ kó lè wà nílẹ̀. Tí oníṣẹ́ náà bá sì wá ṣiṣẹ́, kí àgbàlagbà kan wà nílé.

Kó tó lọ, ẹ ṣí omi, ẹ pa á, ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu abẹ́ gbogbo ibi tó ti so nǹkan pọ̀, kẹ́ ẹ dúró bí ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tún nu ún. Tí tíṣù bá rin, iṣẹ́ ò tíì parí. Mo ti rí ilé kan ní Ìtòkò, orí òkúta lọ́hùn-ún tí ilé kan wà lókè ìkejì, omi tó ń jò ní kíṣínì tòkè ti mu ògiri ará ìsàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ní ti ₦25,000 yẹn, ẹ padà lọ bá ẹni tó júwe ọkùnrin náà, kó sọ ibi tó ti mọ̀ ọ́n àti orúkọ ọ̀gá ẹ̀. Tó bá ní ọ̀gá, tàbí tó wà nínú ẹgbẹ́, àwọn alága wọn máa ń pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti dá owó padà fún oníbàárà lójú mi. Ẹ mú ẹ̀rí owó tẹ́ ẹ san dání lọ.