Èsì: RX-7 tí kò jí lẹ́yìn tí wọ́n kàn sún un díẹ̀

Ẹ kú wàhálà. RX-7 ọdún 1993 yín (ọkọ̀ Mazda tó ń lo ẹ́ńjìnnì rótárì, tí rótọ̀ onígun mẹ́ta ń yí nínú rẹ̀ dípò písítìnì), tó kọ̀ láti jí lẹ́yìn tí ẹ sún un kúrò lẹ́nu géètì ní òwúrọ̀ tí ẹ sì pa á kó tó gbóná, kò tíì bàjẹ́: epo pẹtiróòlù ló kún inú ẹ́ńjìnnì, tó fọ ọ́ìlì kúrò lára àwọn séèlì etí rótọ̀ (àwọn ohun tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò), tí ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ sì lọ sílẹ̀.

Ẹ yọ fíúùsì epo àti ti iná púlọ́ọ̀gì, ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì títí epo kò fi ní tú jáde mọ́ (kí iná má sí nítòsí o). Ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí rótọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ sì ṣíná. Èéfín yóò bo àdúgbò. Ẹ má fòyà.

Èyí wà fún ọkọ̀ tí wọ́n pa kó tó gbóná. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tó gbóná gan-an ló ń ṣòroó jí, ẹ wọn ìfúnpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún rótárì, nítorí ojú mẹ́ta ni rótọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, ẹ sì ní láti mọ ti ojú kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ìbéèrè yín bóyá ẹ lè máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tọ́bò ńlá (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) lórí ẹ́ńjìnnì lítà 1.3 máa ń lọ́ra nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ bá ti yọ pọ́ǹpù tó ń bu ọ́ìlì sí rótọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa po ọ́ìlì alùpùpù onísítírókù méjì mọ́ epo.