Ẹ ké "àgò" kí ọmọ tó bẹ́ sómi

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ o. Ìyá Ìbejì ni mí, ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, ṣùgbọ́n Lyon nílẹ̀ Faransé ni a ń gbé, ó ti pé ọdún 11 báyìí. Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ ọdún 9, àbúrò wọn jẹ́ ọmọ ọdún 5. A wálé lo ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ní ká kó wọn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan tó ní písíìnì, ìyẹn adágún ìlúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n má baà jókòó ti fóònù láti àárọ̀ dalẹ́. A sanwó ìwọlé, a wọlé.

Ìyá àgbà kan wà nínú omi, níbi tí kò jìn. Ó fi ìborùn wé orí, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé dókítà ló ní kó máa rìn nínú omi nítorí orúnkún rẹ̀. Kí n tó bọ́ bàtà, Táyé ti sáré, ó ká orúnkún mọ́ àyà, ó já lu omi gbàà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà. Ìborùn rin gbindin. Ìyá figbe ta. Kẹ́hìndé tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan omi bá dá a lóhùn ní Faransé pé, "Ṣùgbọ́n màdáámù, písíìnì kúkú ni." Ni ìyá bá fa Táyé létí, ó ní àwa la sọ ọmọ wa di yòvó, ìyẹn òyìnbó.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ọkọ mi tó wà ní Lyon sọ lórí fóònù pé ẹni tó fa ọmọ ọlọ́mọ létí ló yẹ kó bẹ̀bẹ̀. Èmi dúró láàárín, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́hùn-ún, ẹni tó ń ṣọ́ omi ì bá fọn fèrè, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Níbí, kò sí olùṣọ́ kankan. Ó ku ọ̀sẹ̀ 2 kí a padà, àwọn ọmọ sì ń bẹ̀ mí ká tún lọ. Nínú omi, ta ló yẹ kó yà fún ta? Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ kú ìrìn, Ọlọ́run á bá yín wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ Kétu ni mí, bàbá ọmọ mẹ́ta, Montréal ni mo ń gbé. Ọdún méjì-méjì la ń wálé, a kì í sì í gba Àjàṣẹ́ kọjá láì dé písíìnì, torí lójú àwọn ọmọ tèmi, ohun tó ń jẹ́ Benin gan-an nìyẹn. Mo mú wọn dé Àkàbà Ìdènà, ibodè àtijọ́ ìlú Kétu, mo ṣàlàyé títí ẹnu fi bó mi, èyí àárín bi mí bóyá písíìnì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè dá ẹjọ́ náà, kí n lè ráyè sọ èyí tó kù. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ̀bi, ẹ má bínú. Ìyá náà ló tẹ̀ lé yín, nítorí etí tó fà. Táyé jẹ̀bi díẹ̀. Kẹ́hìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ẹnu ló ṣẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọkàn rẹ̀.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ni pé àwọn ọmọ yín kò tíì rí i rí kí ẹnikẹ́ni kí ẹlòmíràn nínú omi. Láti 1951 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti ní kí ibi ìwẹ̀ tí ará ìlú ń sanwó wọ̀ ní olùṣọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí. Okùn pín omi, ibi tí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ tààrà ń gbà yàtọ̀, ibi tí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń ṣeré yàtọ̀. Òfin ti bá àgbà sọ gbogbo ohun tó yẹ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Inú fèrè yẹn ni wọ́n dàgbà sí, bí kò bá sì ti dún, lójú tiwọn kò sẹ́ni tó ṣẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, ẹnu àgbà ni fèrè wà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí Kẹ́hìndé sọ, ní Lyon, àlàyé lásán ni: omi ni, ara á tutù. Etí ìyá yẹn gbọ́ ọ bí ẹni pé ọmọ ọdún 9 ń bi í pé kí ló wá ṣe níbẹ̀.

Ohun kan sì wà tí ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ lè má tètè kà sí, torí ọ̀sà wà lẹ́yìnkùlé yín. Lọ́dọ̀ wa ní Kétu, a kì í fi omi ṣeré. Omi jìn sílẹ̀ níbẹ̀, kànga a máa jìn kó tó kan omi, omi òjò la ń gbè sínú àmù. Bí mo bá da omi nù ní kékeré, ìyá mi á bi mí bóyá bàbá mi ló ni òjò. Mo ti lé ní ọdún 30 kí n tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, ní Montréal, láàárín àwọn ọmọ ọdún 6 tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, àgbà tí ẹ bá rí níbi tí omi kò ti kọjá àyà, ẹ fi sọ́kàn pé ó ṣeé ṣe kó má mọ ìlúwẹ̀ẹ́ rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ọmọ bá já lu omi gbàà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí omi gbá a lójú, tí orúnkún tó ń dùn ún yẹ̀, kò rí ohun dì mú. Igbe tí ìyá yẹn ké, ẹ̀rù ló ké e. Ìbínú ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé e ni.

Kí wá ni kí ẹ ṣe? Àgò ni. Àgò tí à ń ké lẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé onílé, tí àwọn Gùn náà ń ké, tó fi jẹ́ pé ní gbogbo Àjàṣẹ́ kò sí etí tí kò gbọ́ ọ. Bí ẹ bá débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ aṣọ, kí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ jọ dúró létí omi, kí ẹ kí gbogbo àgbà tó wà nínú rẹ̀: "Ẹ kú ìwẹ̀ o. Àwọn ọmọ mi rèé, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí wọ́n bá dà yín láàmú, ẹ pè mí, ibí yìí ni mo wà." Ẹ kíyè sí i pé "ẹ pè mí" ni mo wí. Ẹnu wa ti mọ́ "ẹ bá mi bá wọn wí", ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá sọ ìyẹn fún, tó wá fa etí, iṣẹ́ tí ẹ rán an ló jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ sómi á ké "Àgò!" sókè, á dúró títí ẹni tó wà níwájú á fi dáhùn tàbí kó yà. Àwọn tèmi ti sọ ọ́ di eré. Ọmọ kan ké e ní Montréal ní ọdún tó kọjá, gbogbo ènìyàn inú omi yíjú wò ó, ó sì rí àyè bẹ́. Kí wọ́n má sì fi orí bẹ́ síbi tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí, torí púpọ̀ nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì wa kì í kọ jíjìn omi sí etí rẹ̀.

Ìkíni inú omi náà ní àṣìṣe tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ní òtẹ́ẹ̀lì kan lọ́nà Àjàṣẹ́, bàbá àgbà kan jókòó sétí písíìnì, fìlà lórí, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. Mo ní kí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 6, lọ kí i. Ó ti wà nínú omi ná. Ó rìn dé iwájú bàbá, ó kúnlẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. Omi bo ẹnu, ó bo imú, ojú méjèèjì nìkan ló kù lókè, ó ń wo bàbá, ó ń dúró kó ní kóun dìde. Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ sómi. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi, dìde, ìkúnlẹ̀ orí ilẹ̀ tó mi." Láti ìgbà yẹn, ìtẹríba díẹ̀ ni tiwa nínú omi. Létí písíìnì pẹ̀lú, kò sí ìdọ̀bálẹ̀, torí táìsì ibẹ̀ a máa yọ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ nìyí. Bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà, ẹnì kan pè mí lórí fóònù láti Kétu, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí. Mo yí ẹ̀yìn sí omi. Ohùn bàbá yẹn ni mo gbọ́: "Bàbá ọmọ! Bàbá ọmọ!" Mo yíjú. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 4 ti gbé ẹsẹ̀ kọjá ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Kò pariwo, kò juwọ́. Orí rẹ̀ yí sẹ́yìn, ẹnu ṣí sílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ń tẹ omi bí ẹni ń gun àkàbà. Mo bẹ́ sí i pẹ̀lú fóònù lápò. Bàbá kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́, ó kàn ń wo ọmọ tó wá kí i àti àbúrò rẹ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi ní 2021, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tí kò tíì pé ọdún 5. Èyí tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ogunlọ́gọ̀ kò ṣọ̀wọ́n, torí olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ń wò. Nítorí náà, ọmọ ọdún 5 tiyín yẹn, bí ọwọ́ yín kò bá lè kàn án, ẹ ti jìn sí i jù. Ojú àwọn àgbà yòókù, èènì ni. Èmi kì í gbé fóònù wá sétí omi mọ́.

Àgbà náà ní tirẹ̀ láti ṣe, bí wọn kò bá tilẹ̀ fẹ́ gbọ́. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìlúwẹ̀ẹ́, kó kọ́kọ́ bi ìyá tàbí bàbá ọmọ. Nílé, ẹnikẹ́ni lè gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, a kì í sọ̀rọ̀. Nínú omi, níbi tí gbogbo wa ti bọ́ aṣọ, kí ọmọ mọ̀ pé òun lè sọ pé "Rárá o, ẹ ṣeun," kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ nítorí rẹ̀. Àwọn tọ̀ǹtọ́ọ̀, ìyẹn àwọn ọkùnrin ẹbí, tó ń gbé ọmọ sọ sómi kó lè "gbóyà", ẹ dá wọn dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín. Ìgò ọtí kò sì gbọdọ̀ dé etí omi tí ọmọ ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀.

Ní ti ta ló ń yà fún ta: ní Montréal, wọ́n fi wákàtí pín in, àgbàlagbà ní tiwọn, ẹbí ní tiwọn. Ẹ lè bá àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì sọ ọ́. Mo ti béèrè rí, wọ́n ní òwúrọ̀ ni àwọn àgbà fẹ́ràn jù, mo sì ń kó àwọn tèmi lọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bí ẹ bá bá ara yín níbẹ̀ papọ̀, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ló ń yà fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, láì wo ẹni tó kọ́kọ́ dé.

Ìyókù, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n fi omi ṣan ara kí wọ́n tó wọlé. Òórùn tó ń ta ni nímú yẹn tí a ń pè ní òórùn kilórínì, ìtọ̀ àti òógùn tó pàdé kilórínì ló ń mú un jáde. Ọmọ tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kó má wọ omi rárá, torí kòkòrò kan wà, cryptosporidium, tó lè wà láàyè fún ọjọ́ púpọ̀ nínú omi tí wọ́n da kilórínì sí. Ẹ sì kìlọ̀ fún Kẹ́hìndé ṣáájú: ní Faransé, ọ̀pọ̀ písíìnì ìlú kì í jẹ́ kí ọkùnrin wọ ṣòkòtò gígùn dé orúnkún. Ní Àjàṣẹ́, bàbá tó wọ̀ ọ́ kò rú òfin kankan, ìyá tó wé ìborùn sì wà ní àyè rẹ̀. Mo sọ ọ́ torí ọmọ tèmi na ìka sí ẹnì kan rí, ó ní, "Wọn kì í gbà á láàyè!"

Ó kù sí ti ìyá yẹn. Kí ẹ̀gbọ́n yín bá yín wádìí ibi tó ń gbé. Òtẹ́ẹ̀lì lè mọ̀ ọ́n, bó bá jẹ́ pé nítorí orúnkún ló ń wá, kò lè jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ kí i nílé, ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú èso díẹ̀. Kí Táyé bẹ̀bẹ̀ fún fífò, kí Kẹ́hìndé fi Yorùbá sọ ohun tó ní lọ́kàn, bí ó bá tilẹ̀ ń ta kọ́kọ́. Kí wọ́n kúnlẹ̀, orí ilẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀gbọ́n yín kó wọn jáde sí àgbàlá, kí ẹ̀yin nìkan dúró, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ etí yẹn fún un ní ohùn jẹ́jẹ́, kí àwọn ọmọ má gbọ́ ọ. Kí ẹ tó jáde, ẹ béèrè bí orúnkún ṣe ń ṣe sí.